Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ mú ọ̀dọ́ àdúgbò dání

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn ọmọ ìjọ tó fẹ́ ṣe nǹkan fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wọn tí ò ní alátìlẹ́yìn, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ ó ti ń sú wọn, àwọn kan ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀, mo gé àwọn tó gùn kúrú, mo sì yọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ìbéèrè: Ibo la ti máa dì í mú?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí kọmítì ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà láyìíká wa ni ò lọ skúùlù mọ́, àwọn míì ò mọ bàbá wọn, ìta ni wọ́n máa ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Ọdọọdún la máa ń pín ẹ̀bùn fún wọn, wọ́n á wá, wọ́n á gbà á, wọ́n á lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Pásítọ̀ wa wá ní ká bẹ̀rẹ̀ ètò mẹ́ńtọ̀, kí àgbà kan mú ọmọ kan. Àwọn èèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ká kọ́kọ́ wá owó ni àbí ká ṣe ètò ńlá kan tó máa pe èrò?

Ìdáhùn:

Ẹ má tíì wá owó, ẹ má sì ṣe ètò ńlá kankan. Èèyàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, èèyàn tó máa dúró. Ẹ̀bùn ọdọọdún yẹn ò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí ibi tó mọ, ọmọ tó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ yín tí kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú yín, kí ló fẹ́ padà wá bá?

Ohun tí pásítọ̀ yín sọ yẹn, inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ẹgbẹ́ mẹ́ńtọ̀ tó lókìkí jù láyé ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1904, akọ̀wé kóòtù àwọn ọmọdé kan wà ní New York tó ń jẹ́ Ernest Coulter, ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó wá síwájú adájọ́, ó wá lọ bá àwọn ọkùnrin ìjọ Presbyterian kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mú ọmọ kan ṣọ̀rẹ́. Nǹkan bí 40 nínú wọn ló gbà. Ibẹ̀ ni Big Brothers ti jáde, tá a wá mọ̀ sí Big Brothers Big Sisters lónìí. Wọn ò kọ́lé, wọn ò kó owó jọ, ọkùnrin kan, ọmọ kan, ó tán.

Ẹ ò sì ní sọ pé ìtàn lásán ni, torí wọ́n ti wádìí ẹ̀ wò. Ìwádìí tó jáde ní 1995, ọmọ 959 ni wọ́n lò, láti ọmọ ọdún 10 sí 16, wọ́n fún àwọn kan ní mẹ́ńtọ̀, wọ́n ní káwọn tó kù ṣì ní sùúrù, lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀ wọ́n padà lọ wo gbogbo wọn. Láàárín àwọn tó ní mẹ́ńtọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn olóró fi ìdá 46 nínú 100 kéré sí tàwọn tí ò ní, sísá skúùlù náà fi ìdá 52 dín. Kì í ṣe pé wọ́n ń fún wọn lówó o, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń wàásù fún wọn látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n kàn ń jọ wà pọ̀ ni, bí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn rèé, òun gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà fún gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọmọ lé wọn lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí méjì, Jean Grossman àti Jean Rhodes, padà tú àwọn àkọsílẹ̀ ìwádìí yẹn wò, wọ́n gbé èyí tí wọ́n rí jáde ní 2002. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá mẹ́ńtọ̀ wọn ṣe tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jàǹfààní jù. Àwọn tí mẹ́ńtọ̀ já jù sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, bí wọ́n ṣe ń fojú wo ara wọn tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tí bàbá ti já jù sílẹ̀, tí tíṣà ti sọ pé kò wúlò, ẹ tún wá mú ẹnì kẹta wá kó tún já a jù sílẹ̀. Ó sàn kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Torí náà ẹ béèrè ọdún kan lọ́wọ́ wọn, ó kéré tán. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa kó lọ sílùú míì láìpẹ́, ẹni tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó rójú, kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ wá iṣẹ́ míì fún un, kó máa kọ́ wọn ní ìṣirò, kó máa wa mọ́tò, kó máa kọ orúkọ àwọn tó wá. Tí ogún èèyàn bá forúkọ sílẹ̀ tó jẹ́ mẹ́fà péré ló lè ṣèlérí ọdún kan, ọmọ mẹ́fà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò ní dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ gbé e jáde bí nǹkan ńlá, ẹ má dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn náà, ilé àwọn òbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, tàbí ilé ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́ wọn, ẹ jókòó, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà, ẹ bi í léèrè ohun tó wù ú, ẹ má gbé ètò tẹ́ ẹ ti kọ sínú ìwé bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ máa rí ara yín lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ara yín, kó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn tòun ni. Kẹ́ ẹ sì jọ máa ṣe nǹkan, ẹ tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jọ rìn lọ síbì kan, torí ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá gbé sórí àga pé kó sọ ìṣòro ẹ̀, kò ní sọ ọ́, ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá dí ni ẹnu ẹ̀ máa ń ṣí. Ẹ wá yan ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ pé kó máa pe àwọn mẹ́ńtọ̀ lọ́sẹ̀ méjìméjì, báwo lọmọ yẹn ṣe wà, kí ló ń ṣòro fún yín. Àwọn mẹ́ńtọ̀ tí ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ló máa ń tètè sá lọ.

Tó bá dọ̀rọ̀ iṣẹ́, torí ó máa dọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ wo John Bosco, àlùfáà Kátólíìkì ní Turin ní Ítálì. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ àlùfáà ó máa ń lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n á dá sílẹ̀ tí wọ́n á tún padà wá torí wọn ò ní ẹnì kankan níta. Láti 1841 ló ti ń kó irú wọn jọ ní ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á ṣeré, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kàwé, ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀, ó ń bá wọn wá ọ̀gá tí wọ́n á kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, ó sì ń bá ọ̀gá yẹn tọwọ́ bọ̀wé: kò gbọ́dọ̀ na ọmọ, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sinmi. Ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ tó ti ọdún 1851 àti 1852 wá ṣì wà títí dòní. Nínú ìjọ yín náà ẹ ní mẹkáníìkì, ẹ ní télọ̀, ẹ ní ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ máa fọmọ sọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ bí ọ̀gá náà tiẹ̀ jẹ́ díákónì, kẹ́ ẹ sì máa lọ wo ọmọ náà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ tí mo ń mú dání ti ń sá fún mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi sọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀rẹ̀ ó dára gan-an, ó ń wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún mi, ó ní òun ń bọ̀ kò ní wá, mo pè é kò gbé e, ìgbà tó wá kẹ́yìn owó ló wá tọrọ, bí mo ṣe ní mi ò ní ló bínú lọ. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ṣe ló ń lò mí. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn:

Rárá, arábìnrin mi, ẹ má tíì fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dùn yín, ó sì yẹ kó dùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí nǹkan ń dára, ìgbà tó ti ń fẹ́ràn yín. Ọmọ táwọn àgbà ti já kulẹ̀ rí, ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù máa ń bà á jù, á wá máa dán yín wò, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà máa lọ, ó sì lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó lé yín lọ fúnra ẹ̀ ju kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ tí kò retí. Gbogbo ọmọ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa ń pàdé ní ọjọ́ yín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí kò bá wá, ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì kékeré ránṣẹ́, ẹ ní mo wá lónìí mi ò bá ẹ, màá tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìbínú nínú ẹ̀, kò gbọdọ̀ sí wàásù, ẹ má kọ ọ́ gùn. Kẹ́ ẹ sì wá lóòótọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣe é títí, kó sú u ṣáájú yín. Ẹ tún lọ kí ìyá ẹ̀ nílé, torí nǹkan míì lè ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ọmọ ò lè sọ.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa fún un. Tí owó bá ti ń ti ọwọ́ mẹ́ńtọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ọ̀rẹ́ ti bà jẹ́, ẹnì kan ti di olówó ẹnì kejì ti di alágbe. Kẹ́ ẹ sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé èmi àti ìwọ ò ní máa sọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n tó o bá nílò nǹkan, jẹ́ ká jọ lọ bá kọmítì. Kí kọmítì náà sì dáhùn kíá, ẹ má fi àwọn ọmọ sínú ìpàdé lọ ìpàdé bọ̀. Ìwé Jákọ́bù orí 2 ti bá wa wí lórí ìyẹn, ẹni tí ebi ń pa tá a ní kó máa lọ lálàáfíà láìfún un ní nǹkan tí ara fẹ́, kí la ṣe fún un?

Ọkọ yín ní ó ń lò yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìwádìí kan wà ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, ọmọ 698 tí wọ́n bí ní 1955 ni wọ́n tẹ̀ lé láti ìgbà ọmọ ọwọ́ títí wọ́n fi dàgbà. Àwọn tí nǹkan le fún jù nínú wọn, ìṣẹ́, ìjà nílé, àìsàn òbí, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ṣì yọrí sí èèyàn gidi. Nígbà tí Emmy Werner, tó ṣe ìwádìí náà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá ohun tó mú wọn yọ, lára ohun tí wọ́n ń bá pàdé léraléra ni pé àgbà kan wà tó fẹ́ràn ọmọ náà láìwo ìwà ẹ̀, ìyá àgbà, tíṣà, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin lẹ lè jẹ́ ẹni yẹn fún ọmọ yìí, kódà lásìkò tí ò fi hàn pé òun rí i.

Tó bá wá di dandan lọ́jọ́ kan pé kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró, ẹ rí i lójúkojú, ẹ dágbére, ẹ sọ pé ẹ̀bi ẹ̀ kọ́, kẹ́ ẹ sì fi í lé ẹlòmíì tó mọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má kàn dákẹ́ o.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn wọ̀nyí ò ní ba àwọn ọmọ tiwa jẹ́?

Alàgbà ni mí nínú ìjọ wa. Mi ò ta ko iṣẹ́ àánú, àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó wọlé yìí, àwọn kan ń mu igbó, àwọn kan ti jalè rí, wọn kì í wá sísìn, wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ. Àwọn ọmọ tiwa ń wò wọ́n. Ṣé kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yí padà, kí wọ́n di ọmọ ìjọ, ká tó máa náwó ìjọ lé wọn lórí?

Ìdáhùn:

Bàbá wa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò ó tí wọn ò lè sọ ọ́ síta. Àìbalẹ̀ ọkàn yín lórí àwọn ọmọ yín, ó tọ̀nà díẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí i pé tí wọ́n bá kó àwọn ọ̀dọ́ oníwàkiwà jọ síbì kan láìsí àgbà tó ń darí wọn dáadáa, ṣe ni wọ́n á máa kọ́ ara wọn níṣẹ́ burúkú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àgbà kan ọmọ kan, kẹ́ ẹ má kó wọn sínú gbọ̀ngàn kẹ́ ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n pé kí wọ́n yí padà ká tó ràn wọ́n lọ́wọ́, bàbá, mi ò lè bá yín fara mọ́ ọn. Ọmọ tá ò kọ́ ló ń gbé ilé tá a kọ́ tà, ilé ṣọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 1883 ní Glasgow ní Scotland, tíṣà Sọ́ńdè skúùlù kan wà tó ń jẹ́ William Alexander Smith, àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ariwo ṣáá. Kò lé wọn lọ, ó wá ohun tó máa fà wọ́n mọ́ra, yíyan bí ológun, eré ìdárayá, kí wọ́n ní aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, kí wọ́n ní ohun tí wọ́n á jíhìn fún. Boys' Brigade tó wà káàkiri ayé lónìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, látinú kíláàsì ọmọ aláriwo. Ní Los Angeles náà, àlùfáà Greg Boyle àtàwọn ọmọ ìjọ Dolores Mission, àdúgbò gáǹgì ni wọ́n wà, ní 1988 wọ́n dá skúùlù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí skúùlù yòókù ti lé dànù, wọ́n ń bá wọn wáṣẹ́, ní 1992 wọ́n ṣí ilé búrẹ́dì, táwọn tó ti jẹ́ ọ̀tá ara wọn nínú gáǹgì ń duro síbì kan náà po ìyẹ̀fun. Ó ti wá di Homeboy Industries báyìí, àjọ tó ń ran àwọn tó fẹ́ kúrò nínú gáǹgì lọ́wọ́. Ká ní wọ́n dúró dìgbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ di ọmọ ìjọ ni, a ò ní gbọ́ nípa ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀kùn ìsìn ṣí sílẹ̀, ẹ má fi ìrànlọ́wọ́ rà wọ́n wọlé. Ọmọ tó ń wá sísìn torí kí wọ́n má gba iṣẹ́ tó ń kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run ló ń sìn. Bàbá, mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan, ẹ̀yin fúnra yín ẹ mú ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní bàbá àgbà.

Ìbéèrè: Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń dá gbé ọmọ mi jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ọkùnrin kan nínú ètò mẹ́ńtọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí wa máa ń dá gbé e nínú mọ́tò, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ó ra fóònù fún un. Mo wá gbọ́ lẹ́nu ọmọ pé ó ní kó má sọ fún mi. Wọ́n ní èèyàn Ọlọ́run ni, pé mo kàn ń fura lásán.

Ìdáhùn:

Ẹ ò fura lásán. Ẹ má jẹ́ kó gbé ọmọ yẹn jáde mọ́, láti òní, ẹ ò sì ní láti dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbà tó bá ń ní kí ọmọdé pa nǹkan mọ́ fún ìyá ẹ̀, ó ti kọjá ààyè ẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́ nínú ìjọ.

Ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má bá a wí, ẹ má gba fóònù náà pẹ̀lú ìbínú, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ohunkóhun tó bá sọ, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́. Tí ẹ bá gbọ́ tàbí rí ohun tó jọ ìlòkulò, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ààbò ọmọdé ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ sọ fún pásítọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó parí sọ́dọ̀ pásítọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí i kí wọ́n pa á mọ́ra nínú ilé torí orúkọ ìjọ.

Gbogbo ìjọ tó ń ka èyí, ẹ ṣe rúùlù yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fún òbí ní ẹ̀dà kan. Ẹ wádìí ẹni tó fẹ́ ṣe mẹ́ńtọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n níta ìjọ. Ibi tí ojú àwọn èèyàn ń tó ni kí wọ́n ti máa pàdé, kò gbọdọ̀ sí ilé àdágbé, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀bùn tí òbí ò mọ̀ sí, kò gbọdọ̀ sí àṣírí kankan láàárín àgbà àti ọmọ. Mẹ́ńtọ̀ tó bá ní rúùlù yìí ń tàbùkù òun, ẹ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀ padà.

Ìbéèrè: Ó ti sú mi láti máa jẹ́rìí

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló mú mi kúrò nígboro, wọ́n sanwó ìdánwò mi, mo ń kọ́ṣẹ́ báyìí, Ọlọ́run á bù kún wọn. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí àlejò bá wá ni wọ́n máa ń pè mí síwájú kí n sọ bí mo ṣe ń jàgídíjàgan tẹ́lẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí Facebook. Àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ti rí i. Tí mo bá ní mi ò ṣe mọ́, ṣé wọn ò ní pè mí ní aláìmoore?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, o kì í ṣe aláìmoore. Ìtàn ẹ, tìẹ ni. Wọ́n ràn ẹ́ lọ́wọ́, wọn ò rà ẹ́.

Má sọ ọ́ ní gbangba lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ẹ́ síwájú o, torí ojú á ti gbogbo yín. Lọ bá mẹ́ńtọ̀ ẹ, tàbí ẹni tó o bá mọ̀ pé ó fẹ́ràn ẹ jù níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà tí ilé bá tòrò. Kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wá sọ fún wọn pé àwọn fọ́tò yẹn ti débi tó o ti ń kọ́ṣẹ́, pé o fẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n kúrò, o ò sì fẹ́ máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn níwájú àlejò mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́, inú wọn ló ń dùn sí ẹ, wọ́n rò pé inú tìẹ náà ń dùn. Tó o bá fẹ́ fi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀, sọ fún wọn pé o lè máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ohun tó o mọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ, àmọ́ kò pọn dandan, àti pé o ò jẹ wọ́n ní gbèsè ìyẹn náà.

Tí ìgbà àkọ́kọ́ ò bá yọrí, tún kọ̀wé sí mi, màá bá ẹ kọ lẹ́tà tó o máa fún pásítọ̀.